Adégòkè Adélabú: Ọkùnrin tó bi ìjọba léèrè, tí ìbéèrè sì padà wá bá a nílé

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ ní ìgboro Ìbàdàn lónìí pé ọ̀rọ̀ kan ti di pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, kò sẹ́ni tó máa ní kó túmọ̀ rẹ̀. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, àgbà mọ̀ ọ́n: ọ̀rọ̀ ti dàrú, a ò sì mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwa tí à ń lo ọ̀rọ̀ yìí ni kò mọ̀ pé inú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ló ti jáde, láti ẹnu ọkùnrin kan tó dìde láti tako ìjọba.

Bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́ nìyí: ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nílé ìgbìmọ̀, ó wá pe ohun tí àwọn alátakò rẹ̀ ń ṣe ní peculiar mess, ìyẹn ni pé rúdurùdu inú rẹ̀ tún ní àrà ọ̀tọ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ tí wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ọ, ó dùn létí wọn, wọ́n sì gbé e relé bí wọ́n ṣe lè pè é. Bẹ́ẹ̀ ni ó di pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, tó sì di orúkọ mọ́ ọkùnrin náà lára títí di òní. Gbàdàmọ́sí Adégòkè Adélabú ni à ń wí.

Kì í ṣe gbogbo ìtàn Adélabú la fẹ́ sọ lónìí, torí ìtàn náà gùn ju ojú ewé kan lọ. Apá kan la fẹ́ mú níbẹ̀: bí àwọn aṣòfin ṣe máa ń bi àwọn mínísítà léèrè ohun tí wọ́n ń fi owó ìlú àti agbára ìlú ṣe. Adélabú jókòó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó bi mínísítà léèrè, òun fúnra rẹ̀ sì di mínísítà. Ó ní kí wọ́n ṣí ìwé owó wò, wọ́n sì padà wá ṣí ìwé owó tirẹ̀ náà wò. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ayé rẹ̀ fi jẹ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo ẹni tó bá ń dìbò.

Ọmọ ahunṣọ tó mọ̀wé

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án ọdún 1915 ni wọ́n bí i ní Òkè-Olúòkun, nílùú Ìbàdàn. Sánúsí Aṣíyanbí ni bàbá rẹ̀, ahunṣọ ni. Adégòkè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn CMS ní Kúdẹtì, ó tún lọ sí èyí tó wà ní Mápó, kó tó wọ Government College Ìbàdàn ní ọdún 1931. Orí rẹ̀ pé gan-an. Nígbà tó máa fi di ọdún 1936, ó ti dé kọ́lẹ́ẹ̀jì gíga Yábàá, níbi tí ilé iṣẹ́ UAC ti ń san owó ẹ̀kọ́ fún un láti kọ́ ìmọ̀ òwò.

Kò pẹ́ níbẹ̀ tó fi bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ fún UAC, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó ṣòwò, ó sì kọ̀wé fún àwọn ìwé ìròyìn. Ní ọdún 1952, ó gbé ìwé kan jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Africa in Ebullition, lórí bí Áfíríkà ṣe ń hó bí omi tó wà lórí iná. Ẹ ò rí i pé ọkùnrin yìí kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń wọ́n.

Ṣùgbọ́n ìwé tó kà kọ́ ni àwọn ará Ìbàdàn tìtorí rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó mú wọn tẹ̀ lé e ni pé ó máa ń fi èdè wọn bá wọn sọ̀rọ̀. Ó máa ń jókòó pẹ̀lú àwọn mógàjí, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, á gbọ́ ẹjọ́ wọn, á sì gbé e lọ síbi tí ẹnu wọn ò lè dé.

Ẹni kan ṣoṣo tó kù

Ní ọdún 1951, wọ́n dìbò fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Èèyàn mẹ́fà ni Ìbàdàn yàn lábẹ́ ẹgbẹ́ kan tó jẹ́ ti ọmọ Ìbàdàn, ẹgbẹ́ Ibadan People's Party. Adélabú wà nínú wọn. Olórí ẹgbẹ́ náà, Adisa Akinloye, náà wà níbẹ̀. Àfi bí ìbò ṣe parí tí àwọn yòókù dara pọ̀ mọ́ Action Group, ẹgbẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Adélabú nìkan ló kọ̀, ó sì bá NCNC lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Akinloye di mínísítà fún ètò ọ̀gbìn nínú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Adélabú jókòó sọ́hùn-ún, níbi tí kò sí ipò, tí kò sí mọ́tò ìjọba, tí ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ ẹni kò ju ẹnu ẹni lọ. Àwọn tí wọ́n jọ polongo ìbò ni wọ́n wá ń kojú ara wọn nínú ilé kan náà.

Ohun tó sì ń lọ láàárín ìlú nígbà náà kò kéré. Ìjọba gbé owó orí tuntun dé, fún ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera. Iṣẹ́ rere ni ìjọba fẹ́ fi owó náà ṣe, torí ètò yẹn ló bí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ àǹfààní rẹ̀. Àmọ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ní kó mú owó wá kò tíì rí ilé ẹ̀kọ́ kankan. Owó tó ń jáde lápò rẹ̀ nìkan ló rí. Ọ̀rọ̀ kòkó náà tún wà ńlẹ̀. Àrùn kan ti ń jà lára igi kòkó láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, ìjọba sì ní kí wọ́n máa gé àwọn igi tó ní àrùn lulẹ̀. Àgbẹ̀ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́ kòkó ń wo bí wọ́n ṣe ń bẹ́ ẹ lójú rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Máyégún fi ẹ̀hónú hàn títí.

Irú àwọn èèyàn báyìí ni Adélabú kó jọ. Ó dá ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́ sílẹ̀, orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ba ọlá Ìbàdàn jẹ́. Mábọlájẹ́ àti Máyégún fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú NCNC, wọ́n sì di agbára kan tí ìjọba kò lè fojú di mọ́.

Ó di mínísítà

Ní ọdún 1954, ọwọ́ yí padà. Àwọn èèyàn Adélabú gba kánsù àgbègbè Ìbàdàn, òun sì di alága kánsù. Lọ́dún kan náà, ìbò sí ilé aṣojú ṣòfin ti àpapọ̀ wáyé. Ní Ìwọ̀-Oòrùn, níbi tí Action Group ti ń ṣèjọba, NCNC gba àga 23, Action Group sì gba 18. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé owó orí tuntun yẹn wà lára ohun tó fà á. Nítorí òfin ìgbà náà fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní mínísítà mẹ́ta nínú ìjọba àpapọ̀, NCNC ló ní ẹ̀tọ́ láti fa àwọn tó máa ṣojú Ìwọ̀-Oòrùn kalẹ̀. Adélabú wà lára wọn. Ní January 1955, ó di mínísítà tó ń bójú tó ohun àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀ àti ètò ìgbáyégbádùn ará ìlú.

Ẹni ogójì ọdún ò tíì pé o! Ọmọ ahunṣọ Òkè-Olúòkun ti wọ mọ́tò mínísítà l'Ékòó. Àmọ́ kò fi àga alága kánsù sílẹ̀. Ó di méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń lọ sÉkòó, ó ń bọ̀ n'Íbàdàn.

L'Ékòó, òun ló wá wà ní ipò ẹni tí wọ́n ń bi léèrè. Aṣòfin tó bá fẹ́ mọ ohun tí iléeṣẹ́ mínísítà rẹ̀ ń ṣe, òun ló máa dìde dáhùn. Àmọ́ ìbéèrè tó mì ín jù lọ kò ti Èkó wá. Ilé ni ó ti wá.

Ìbéèrè dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀

Òfin ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní ọdún 1952 fún ìjọba ẹkùn lágbára láti wádìí kánsù tí wọ́n bá fura pé iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ déédéé. Ní ọdún 1955, ìjọba náà gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lórí kánsù Ìbàdàn. Ẹni tí wọ́n gbé e lé lọ́wọ́ ni òyìnbó kan tó ń jẹ́ Nicholson, tó jẹ́ akọ̀wé ìlú Abingdon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó jókòó, ó gbọ́ ẹ̀rí, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1956.

Ìwé ìwádìí náà kò rí iṣẹ́ kánsù sí rere, ó sì dárúkọ Adélabú gan-an gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀. Adélabú kọ̀wé fi ipò mínísítà sílẹ̀. Wọ́n tú kánsù náà ká.

Ibí ni ọ̀nà ti pín sí méjì láàárín àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀. Àwọn èèyàn tirẹ̀ sọ pé ọ̀tá ló ran ìwádìí náà, torí ìjọba Action Group ló gbé e kalẹ̀, Action Group kan náà ló sì ń wá bí agbára Adélabú n'Íbàdàn á ṣe wálẹ̀. Òótọ́ wà nínú ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òṣèlú kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó wà ní òdìkejì sọ pé owó ará ìlú ni owó kánsù, ẹnikẹ́ni tó bá wà nídìí rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé bó ṣe ná an. Òótọ́ wà nínú tiwọn náà.

Tí a bá fẹ́ sọ òtítọ́ láìbo ojú ẹnikẹ́ni, méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bini léèrè lè má fẹ́ràn ẹni. Ìyẹn ò ní kí ìbéèrè náà má tọ̀nà. Adélabú fúnra rẹ̀ kò bi Action Group léèrè owó orí nítorí pé ó fẹ́ràn wọn. Àwọn àgbà ní tí èèyàn bá na ìka kan sí ẹlòmíràn, kó rántí pé àwọn ìka tó kù ń wo òun náà.

Olórí àwọn alátakò

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ Adélabú ti tán lẹ́yìn ìyẹn kò mọ Ìbàdàn. Ní May 1956, ìbò ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn tún dé. Adélabú ló ṣáájú NCNC lọ síbẹ̀. Ká ní wọ́n wọlé ni, òun ni ìbá di Olórí Ìjọba dípò Awólọ́wọ̀. Nínú àga 80, Action Group gba 48, NCNC gba 32. Ìbàdàn kò fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àga ìlú náà lọ. Bí Adélabú ṣe di olórí ẹgbẹ́ alátakò nílé ìgbìmọ̀ nìyẹn.

Àwọn èwe òde òní lè béèrè pé, ẹni tó ní 32 níwájú ẹni tó ní 48, kí ló tún fẹ́ ṣe? Tí wọ́n bá dìbò lórí ohunkóhun, ṣé kò ní fìdí rẹmi ni? Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí gan-an rèé tí ìbéèrè fi ṣe pàtàkì. Ẹni tó kéré kò lè borí nínú ìbò, àmọ́ ó lè mú kí ẹni tó pọ̀ dìde dúró, kó sì ṣàlàyé ara rẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí, nínú irú ilé ìgbìmọ̀ tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Mínísítà náà jẹ́ ọmọ ilé, ó jókòó síwájú níbi tí gbogbo èèyàn ti ń rí i. Aṣòfin tó bá ní ìbéèrè á kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, á fún akọ̀wé ilé, wọ́n á sì fi sínú ìwé ètò ọjọ́ náà. Ìbéèrè gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbéèrè lóòótọ́, kì í ṣe ìwàásù, kì í sì í ṣe èébú. Tó bá kàn án, olórí ilé á pè é, mínísítà á dìde, á ka èsì tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti bá a tò sílẹ̀. Ibẹ̀ ni eré ti wá ń bẹ̀rẹ̀. Aṣòfin náà lẹ́tọ̀ọ́ láti tún dìde, kó fi ìbéèrè mìíràn tẹ̀ lé e lórí èsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Kò sẹ́ni tó bá mínísítà kọ èsì èyí sílẹ̀. Tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, á hàn. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, á hàn pẹ̀lú. Akọ̀wé sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé, mínísítà ò ní lè sọ lọ́la pé òun ò sọ bẹ́ẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ àfẹnusọ báyìí ló bá Adélabú lára mu bí ẹ̀wù. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì débi pé àwọn tó gboyè ní òkè òkun ń bẹ̀rù ahọ́n rẹ̀. Tó bá sì kúrò ní Agódi níbi tí ilé ìgbìmọ̀ wà, á padà sáàárín ìlú, á fi Yorùbá ìgboro sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún àwọn tó rán an níṣẹ́. Nǹkan kejì yìí ṣe pàtàkì ju èkíní lọ. Ìbéèrè tí aṣòfin bi mínísítà, tí ará ìlú ò gbọ́ èsì rẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ni.

Ní ọdún 1957, ó wà lára àwọn tó lọ sí ìpàdé Lọ́ńdọ̀nù lórí òfin tí Nàìjíríà máa fi gba òmìnira. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn gba àṣẹ láti máa ṣàkóso ara wọn. Bí agbára àwọn mínísítà ṣe ń pọ̀ sí i ni ìdí fi ń pọ̀ sí i tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa bi wọ́n léèrè.

Ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1958, mọ́tò tí Adélabú wà nínú rẹ̀ ní ìjàm̀bá lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, nítòsí Òde-Rẹ́mọ. Ó kú. Ẹni ọdún 42 ni.

Nígbà tí ìròyìn náà dé Ìbàdàn, ìlú gbiná. Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ kò gbà pé ìjàm̀bá lásán ni, wọ́n ní àwọn ọ̀tá òṣèlú rẹ̀ lọ́wọ́ sí i. Wọ́n kọjú sí àwọn tí wọ́n mọ̀ mọ́ Action Group àti àwọn tó ń gba owó orí. Ẹ̀mí ṣòfò n'ígboro àti n'íletò, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sílé ẹjọ́ lẹ́yìn náà. Àwọn aláìṣẹ̀ wà nínú àwọn tó kú. Ìbànújẹ́ tó tóbi jù nínú ìtàn yìí nìyẹn: ìlú tí ọmọ rẹ̀ fi ìbéèrè jà fún wá fi àdá béèrè ikú rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1962, ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn kan náà dàrú. Action Group ti pín sí méjì. Àwọn aṣòfin ń sọ àga lu ara wọn, àwọn ọlọ́pàá sì yin tajútajú kí ilé tó dákẹ́. Ìjọba àpapọ̀ kéde ipò pàjáwìrì, ìlẹ̀kùn ilé náà sì tì. Ibi tí wọ́n ti ń fi ẹnu bira wọn léèrè di ibi tí wọ́n ti ń fi àga dáhùn. Tí Adélabú bá wà láàyè, a ò lè sọ ohun tí ìbá ṣe. Àmọ́ orúkọ tó máa bá ọjọ́ yẹn mu ti wà nílẹ̀, òun ló fi sílẹ̀ fún wa.

Àwa náà ńkọ́?

Lónìí, nǹkan ti yí padà. Lábẹ́ òfin ọdún 1999 tí à ń lò, mínísítà àti kọmíṣánnà kì í ṣe ọmọ ilé ìgbìmọ̀ mọ́. Wọn kì í jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́ kí aṣòfin kàn dìde bi wọ́n. Wọ́n ní láti pè wọ́n ni. Abala 67 fún àwọn aṣòfin àpapọ̀ láyè láti pe mínísítà wá ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀. Abala 88 fún wọn lágbára láti ṣèwádìí ìwà àjẹbánu, ìfàsẹ́yìn iṣẹ́ àti ìnákúnàá owó ìlú. Ti àwọn ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ wà ní abala 108 àti 128. Agbára náà wà, ó wà ní kíkọ sílẹ̀. Ohun tó kù ni ẹni tó máa lò ó.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ wa, ẹ mọ orúkọ tí àwọn bàbá wa fún rédíò nígbà tó kọ́kọ́ dé: asọ̀rọ̀-má-gbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Rédíò lè máa jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ba nǹkan jẹ́, ẹ̀yin náà sì ń pè wá lórí fóònù báyìí. Àmọ́ ìjọba kò gbọ́dọ̀ di asọ̀rọ̀-má-gbèsì.

Adélabú kì í ṣe áńgẹ́lì, a ò sì ní pè é bẹ́ẹ̀. Ó béèrè, wọ́n sì bi í. Ìbéèrè tó bi ìjọba Awólọ́wọ̀ kò pa Awólọ́wọ̀ lára, ó tún jẹ́ kí ìjọba náà mọ̀ pé ojú ń wo òun. Ìbéèrè tí wọ́n bi òun náà gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ kò gba àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn tí aṣòfin yín bá wálé wá pín ìrẹsì àti ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ dúpẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra bi í pé: kọmíṣánnà wo lo bi léèrè lọ́dún yìí, kí sì ni wọ́n fún ọ lésì?